Ariwo Ọjà àti Ẹni Tí À Ń Bá Ná An

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá ń bá ná ọjà ni à á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe méjì, ọjà kan ṣoṣo. Èkíní ní kí a di etí wa sí ohun tí àwọn èrò ń sọ. Èkejì ní ẹnì kan wà láàrin èrò tí ó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, tí a sì gbọdọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Báwo wá ni ẹni tí ó dúró láàrin ọjà yóò ṣe mọ èyí tí í ṣe ariwo yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ohùn àgbà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, èyíinì ni ẹni tí ń kọ́ni ní eré ìdárayá, ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí n kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí gbogbo ayé gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí ń ṣe é lọ.

Ẹni tí ó bá mọ Sabon Tasha ní ìlú Kaduna yóò gbà pé ìlú ariwo ni. Ibùdókọ̀ Tuntun ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hausa. Gbàgyí, Jju, Hausa, Igbo àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń tà, tí wọ́n jọ ń rà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo èdè a fi ohùn ṣọ̀kan: akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ nǹkan kan. Alápatà a gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ láti sọ ẹni tí òun ìbá fi sí iwájú. Ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa a yíjú sẹ́yìn láti sọ ẹni tí òun ìbá yọ kúrò.

Irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Shaibu Amodu ni ó mú Nàìjíríà yege fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 2002. Òun náà ni ó tún mú un yege fún ti 2010. Ní ọdún méjèèjì, ipò kẹta ni ó mú ẹgbẹ́ náà dé nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Mali àti ní Angola. Ní ọdún méjèèjì náà ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀. Ipò kẹta kò tẹ́ ọjà lọ́rùn.

Ohun tí ó yàtọ̀ lóde òní ni pé fóònù ti gbé ọjà náà wọ inú yàrá. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí yóò bú akọ́nimọ̀ọ́gbá a kígbe rẹ̀ ní etí pápá, ìgbe náà a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Lónìí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí lè bú ọ ní ọ̀gànjọ́ òru, kí èébú náà sì dúró dè ọ́ di òwúrọ̀. Kò sì mọ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan. Nígbà tí Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní 2–1 nínú àṣekágbá tí wọ́n gbá ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ọdún 2024, èébú tí àwọn ènìyàn rọ̀jò rẹ̀ lé Alex Iwobi lórí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ kúrò lójú òpó Instagram rẹ̀. Ahmed Musa tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ náà nígbà náà ni ó jáde wá bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jáwọ́.

Ó dára. Nínú ọjà yìí, ta gan-an ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bá ná an? Ẹlòmíràn yóò ní òǹwòran ni. Ẹlòmíràn yóò ní ẹni tí ń san owó oṣù rẹ̀ ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ń kọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni òǹwòran fi sílẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀ ni ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù mú wá sí ọjà, bí ó bá sì ná an tán, kò sí ibi tí yóò ti rí òmíràn rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, tí ó ti mú Nàìjíríà dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún lẹ́yìn Amodu ní 2002. Ó fi àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bíi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ dání lọ sí Japan. Ariwo sọ. Argentina na wọ́n ní 1–0, Sweden na wọ́n ní 2–1, ariwo sì di ilọ́po méjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ní ìlú Osaka, ó fi ọmọ kan tí kò tí ì pé ogún ọdún, Vincent Enyeama, ṣọ́lé nígbà tí wọ́n kojú England. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 0–0. Nàìjíríà kò tìtorí èyí kúrò ní ìsàlẹ̀ ìsọ̀rí rẹ̀, n kò sì sọ pé Onígbìndé kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ ọmọ náà sọ́kàn.

Ọdún 2013 ni ó kàn. Stephen Keshi kó ẹgbẹ́ Nàìjíríà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Kò mú Peter Odemwingie, tí ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní England, dání. Ṣùgbọ́n ó mú Sunday Mba, tí ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí. Inú bí Odemwingie, ó sì sọ ìbínú rẹ̀ jáde lórí Twitter lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ta ọ̀mì pẹ̀lú Burkina Faso, tí wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Zambia, àwọn tí ń wí pé ‘ṣebí a ti sọ’ kò níye. Ìròyìn ìgbà náà tilẹ̀ gbé e pé wọ́n ti ń gbèrò àtilé Keshi kí wọ́n tó kojú Côte d'Ivoire. Kò wo ariwo. Mba ni ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó lé Côte d'Ivoire lọ sílé, Mba yìí kan náà ni ó sì gbá ẹyọ kan tí ó fún Nàìjíríà ní ife ẹ̀yẹ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ta ni ó ṣọ́lé lọ́jọ́ náà? Enyeama ni, ọmọ ọjọ́sí.

Ní ọjọ́ kejì tí ó gba ife ẹ̀yẹ, Keshi kéde lórí rédíò pé òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó tó tún yí ọkàn padà. Àwọn kan bá a wí fún èyí. Lójú tèmi, ó fi hàn wá pé èébú a máa dun akọni. Kì í ṣe òkúta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tí ó yàn: iṣẹ́ àwọn ọmọ náà ti parí kí ó tó tú ọgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni mo sì kà sí ìwà ọmọlúàbí jù lọ. Ó pe Odemwingie padà. Ní ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Brazil ní 2014, ẹni tí ó bínú sí i lójú ayé yìí ni ó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi na Bosnia, ìgbà àkọ́kọ́ tí a óò borí nínú ìdíje náà láti 1998. Bí ó bá jẹ́ pé èébú ni Keshi ń wò, kì bá tí rí agbábọ́ọ̀lù mọ́. Keshi kú ní oṣù Kẹfà, 2016. Amodu náà kú ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà tí ó bú wọn ni ó sunkún wọn.

Ǹjẹ́ a lè torí èyí sọ pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni? Rárá o. Ibí ni òwe kejì ti wọlé. Ẹni tí ó bá di etí sí gbogbo ohùn, orí ọmọ yóò wọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyàtọ̀ wà nínú adùn ọ̀rọ̀: pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ líle ni èébú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi ọ̀rọ̀ ni pé: orí ta ni ìwọ ń wò? Bí ọ̀rọ̀ bá ń wo orí ọmọ, ohùn àgbà ni, kódà bí ó korò bí ewúro. Bí ó bá jẹ́ orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni ó ń wò, ariwo ni, kódà bí ó dùn bí oyin. Ìyìn pàápàá lè jẹ́ ariwo.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ èyí. Nígbà tí mo ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Sabon Tasha, wọ́n fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ kékeré sí abẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ni ó ń ṣọ́lé fún wa. Ilé ẹ̀kọ́ kan nà wá ní 4–0. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òbí kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. Ó ní n kò mọ nǹkan kan. Ó ní torí pé ọmọ Yorùbá bí èmi ni ọmọ náà ni mo ṣe fi í ṣọ́lé. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín sí i. N kò sùn.

Nígbà tí a óò tún gbá òmíràn, mo yọ ọmọ náà kúrò, n kò sì sọ ìdí fún un. Ọmọ mìíràn ṣọ́lé, a sì borí ní 2–1. Wọ́n yìn mí lórí WhatsApp, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó ṣàkíyèsí pé ọmọ àkọ́kọ́ kò wá sí pápá mọ́.

Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sabon Tasha. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. ‘Ẹ káàsán o, mà.’ Ó dáhùn, ó sì ń bu èlùbọ́ lọ. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, ‘Tísà, ọmọ mi kò jẹun ní alẹ́ tí ẹ jókòó rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n bú yín. Ṣé òun ló bú yín ni?’

N kò rí èsì fún un. Ariwo kún ọjà náà lọ́jọ́ yẹn bí ó ti máa ń kún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà nìkan ni mo gbọ́. Ó korò ju ohùn orí WhatsApp lọ. Àmọ́ orí ọmọ ni ó ń wò.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Yíyọ ọmọ kúrò nínú eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Keshi náà fi Odemwingie sílẹ̀. Bóyá ọmọ kejì mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù ú lọ lóòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé nígbà tí mo yọ ọ́, òun kọ́ ni mo ń wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré ni mo ń wò. Àwọn tí ó bú mi ni. Wọ́n ju òkò sí mi, mo yẹ̀ ẹ́, ó bá ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn mi. Ìṣe kan náà lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì lè jẹ́ ìkà. Ibi tí ojú olùkọ́ wà ni ó ń pààlà láàrin wọn.

Mo lọ bẹ ọmọ náà. Mo sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni. Ó padà wá, ṣùgbọ́n kò fò mọ́ bọ́ọ̀lù bí i ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ìdánrawò mi sì parí kí n tó mọ̀ bóyá yóò tún fò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá jáde níhìn-ín, wọn yóò bú wa. Òbí yóò bú wa, ọ̀gá yóò bú wa, àwọn tí a kò mọ̀ rí yóò bú wa lórí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn èyí tí ó bá kan iṣẹ́ wa ní ìwọ̀nba àti ní àsìkò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi orúkọ ọmọ dá ara wa láre. Kí a sì jẹ́ ọpẹ́ fún ẹni tí ó bá sọ fún wa pé orí ọmọ ń wọ́, ohun yòówù kí ohùn rẹ̀ le tó. Ìrọ̀lẹ́ yóò lẹ́, olúkúlùkù èrò yóò di ẹrù rẹ̀, ariwo yóò sì tú ká. Ẹni tí a bá ná ọjà nìkan ni yóò gbé ohun tí a tà fún un lọ sílé.