Iye Owó Ọtí Tí A Pọn Nílé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ará ìjọ a máa bi wá: ǹjẹ́ ó yẹ kí Kristẹni máa pọn ọtí nínú ilé rẹ̀, kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe fún ìgbádùn ara rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? A ó gbìyànjú láti dá a lóhùn láìfi ìkanra sọ̀rọ̀.

Pípọn ọtí nílé kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Kí ilé-iṣẹ́ ọtí tí ó wà ní Ìgànmú ní Èkó tó gbé ìgò bíà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1949, àwọn ìyá wa ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìkòkò ńlá méjì, apẹ̀rẹ̀, ewé, asẹ́, igbá, àti igi ìdáná. A ó rẹ àgbàdo sínú omi, a ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀, a ó sì fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Lẹ́yìn náà a ó sá a sí oòrùn, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Fún àgbẹ̀ ará Ìjù tí ó ní àgbàdo lóko, tí ó sì ń ṣẹ́ igi fúnra rẹ̀, owó tí ń jáde kò tó nǹkan. Sùúrù ni ó ń ná jù.

Ìwé Mímọ́ kò pe ohun mímu yìí ní ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa wa lọ síbi ìgbéyàwó ní Kánà, kò sì da àsè náà rú. Pọ́ọ̀lù sì gba Tímótì níyànjú láti lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Àwa kì yóò sọ ohun tí Olúwa kò kà léèwọ̀ di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n Olúwa kan náà kọ́ wa nínú Lúùkù orí 14 pé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ní láti kọ́kọ́ ṣírò iye tí yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jókòó, kí a ṣírò.

Ẹni tí ń ra ìgò ọtí ní ẹ̀ṣọ́ kan tí kò kà sí: àpò rẹ̀ ni. Bí owó bá tán, mímu tán. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ó wà lẹ́bàá ààrò kì í bèèrè owó. Ohun tí a fi ń yin ọtí ilé, pé kò náni lówó, òun gan-an ni ewu rẹ̀. Bí àpò kò bá sọ pé ó tó, ẹ̀rí-ọkàn ni yóò sọ ọ́; ẹ̀rí-ọkàn sì ni ọtí a kọ́kọ́ mú sùn. Àwọn tí ń bọ Ọbàtálá pàápàá kì í mu ẹmu, nítorí ìtàn wọn sọ pé ẹmu ni ó pa òrìṣà náà nígbà tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni àwíjàre àwa tí a ti gbọ́ Ìhìnrere?

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó pọn ọtí ti di olùṣọ́ ẹni tí ó mu ún. Àlejò kò mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Ó gbẹ́kẹ̀ lé wa ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. A rí i pé májèlé tí a ń pè ní methanol, tí ó wà nínú ògógóró, ni ó fà á. Ògógóró kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi sísè rẹ̀ dánra wò nílé. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo ìkòkò. Bí ọtí wa kò tilẹ̀ ní májèlé, ó lè jẹ́ ìkọ̀sẹ̀ fún arákùnrin tí ó ti fi omijé kọ ọtí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Róòmù orí 14 ti kìlọ̀. Ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí a rán lọ fọ igbá.

Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọn ọtí, kí ó pọn ún níwọ̀n. Kí ó pinnu iye igbá tí yóò mu kí ó tó ṣí ìkòkò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má ṣe fi lọ ẹni tí ń bá ọtí jà, kí ó má sì rán ọmọdé sídìí rẹ̀. Bí Lẹ́ńtì bá dé, kí ó jẹ́ kí ìkòkò náà ṣófo fún ogójì ọjọ́. Bí ó bá rí i pé òun kò lè ṣe é, kí ó fọ́ ọ. Ìkòkò kò wọ́n. Ọkàn ènìyàn ni ó wọ́n.