Èrè Ẹni tí ń Ṣe Iṣẹ́ Àánú Lọ́fẹ̀ẹ́

Nígbàkígbà tí a bá ń wá àwọn tí yóò fi àkókò wọn ṣe iṣẹ́ àánú, ẹnìkan a máa béèrè pé, "Kí ni èrè tiwa níbẹ̀?" Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé ẹni tó bá jèrè nínú oore kò ṣe oore mọ́, òwò ló ṣe. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtòsí wa. Òrè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bìní. Bọ́ọ̀sì àti tírélà ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru, ìjàǹbá ọkọ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù kejì ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ náà ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Special Marshal. Wọ́n ní iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn, wọn kì í sì í gba owó oṣù lọ́wọ́ àjọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àti pé a kì í ṣàdédé fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ fara pa, ti gbé ìmọ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ tí àdá bá ṣá ọmọ rẹ̀ lóko, kò ní í káwọ́ lérí máa sunkún.

Èrè mìíràn wà fún àwa tí a ti fẹ̀yìntì. Aago ilé-ìwé kò dún fún wa mọ́, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti òkè òkun. Ọjọ́ kan lè kọjá láìsí ẹni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń lọ kí àwọn aláìsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń retí òun. Ìyẹn nìkan tó láti mú un dìde lórí ibùsùn.

John Wesley kọ́ wa ní nǹkan yìí nínú ìwàásù rẹ̀ lórí bíbẹ aláìsàn wò, èyí tó jáde ní ọdún 1786. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí oore-ọ̀fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Ó ní ìdí tí àánú tálákà kì í fi í ṣe ọlọ́rọ̀ ni pé kì í dé ilé wọn. Kò sì yọ àwa obìnrin sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ara líle ni èrè náà nígbà gbogbo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1785, nígbà tí Wesley jẹ́ ẹni ọdún 81, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tọrọ igba pọ́n-ùn láti ra aṣọ fún àwọn tálákà. Àìsàn ló dá a dúró.

Níbo wá ni ààlà wà? Lójú tiwa, èrè kò ba oore jẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ṣe lóore ló san án. Bí a bá ní kí opó kúnlẹ̀ níwájú ayafọ́tò nítorí kóńgò ìrẹsì kan, kí orúkọ ẹgbẹ́ wa lè ròkè, ó ti fi ìtìjú ra ìrẹsì náà. Òwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀, ọ̀rẹ́ àti ìbàlẹ̀ ọkàn tí a rí níbẹ̀ kò dín ohunkóhun kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń fi òróró pa ọmọ lára, òun náà a máa dán.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a fi lè yẹ ara wa wò: lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá dúpẹ́, tí òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́, ṣé a óò tún lọ?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ilé sílẹ̀ láìtọ́jú. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa rẹ̀ nínú rere. Àmín.