Ṣé Sùúrù Ni Kí Àgbàlagbà Máa Fi Àìsàn Ọkàn Pamọ́?

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ó fi ọkàn sínú àyà, tí ó sì ń mú un lù tọ̀sán-tòru. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, púpọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa ni wọ́n ń bá àárẹ̀ ọkàn gbé. Ọkàn wọn kò dákẹ́. Agbára tí ó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ni ó dínkù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ni ó sábà máa ń fà á nílẹ̀ wa. Omi á wá gbárajọ sí ẹsẹ̀, sí ikùn, àti sínú ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń fún wọn ní oògùn tí ń mú ni tọ̀.

Ṣùgbọ́n tí ó bá di àárọ̀ Jímọ̀h, bàbá á fi oògùn yìí sílẹ̀ kí ìtọ̀ má bàa ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́ nídìí hùtúbà. Kò ní sọ fún dókítà, kò ní sọ fún ọmọ. Bí ẹsẹ̀ bá wú, á ní òun ń ṣe sùúrù, pé Ànábì Yaqub kò rojọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn bí kò ṣe Ọlọ́hun.

Òtítọ́ ni ti Ànábì Yaqub. Ṣùgbọ́n ìbínú sí kádàrá ni a kọ̀ fún onísùúrù, a kò kọ̀ fún un kí ó sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ànábì wa fúnra rẹ̀ sọ fún Aishah pé orí ń fọ́ òun. Ó wà nínú Bukhari. Nígbà tí àwọn ará oko sì bi í léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó pa wọ́n láṣẹ pé kí wọ́n wá a, ó ní kò sí àrùn tí kò ní oògùn àyàfi ọjọ́ ogbó. Àwọn àgbà kan ti sọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí di àwáwí. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Àmánà ni ara jẹ́, ẹni tí a sì gbé e fún ni a ó bi nípa rẹ̀. Ẹ gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun. Bí ìwọ̀n bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ dín iyọ̀ àti máàgì kù. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́únjẹ nílé, ẹ má sọ pé ọbẹ̀ bàbá ti tẹ́ jù.) Ẹ má dédé ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ ń dá omi dúró sínú ara.

Ní ti Jímọ̀h, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lo oògùn náà lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e, Jímọ̀h kò di dandan fún un. Kí ó kí Sùhúrù nílé. Ẹni tí ó bá sì wá, kí ó jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà, bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n ọ́n tí ó dìde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò ó lẹ́yìn.