Ta Ni Yóò Dúró Ti Ìyá?

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ta obì gbànja ní Màkún, Ṣágámù, ṣubú ní ìparí ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Ọmọ rẹ̀, Àdùkẹ́, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó kọ̀wé sílé ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi fún sẹ̀mẹ́sítà kan, wọ́n sì gbà á láyè. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí sẹ̀mẹ́sítà kejì wọlé, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé lálẹ́. Ó jókòó ti ọpọ́n tó fi rẹ obì sómi, ó ń bó èèpo funfun ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ sílẹ̀, torí n kò fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

ÈMI: Àdùkẹ́, n ò rí àpò kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Ajé mà lẹ̀ ń wọlé.

ÀDÙKẸ́: Mo mọ̀, Bàbá. Mo ní kí n kúkú dúró títí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ò tíì lè rìn láìmú ọ̀pá.

ÈMI: Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Àná ló rìn dé ìta wá kí mi.

ÀDÙKẸ́: Ẹni tó rìn dé ìta kò tíì lè gbé agbọ̀n obì dé ọjà Sábó. Ṣé kí n fi ìyá mi sílẹ̀ torí ìwé ni?

ÈMI: Rárá o. Àmọ́ ṣé torí Ìyá nìkan ni?

ÀDÙKẸ́: Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Tí mo bá padà báyìí, kọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà kejì nìkan ni mo lè ṣe. Àwọn tí mo pàdánù, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún kọ́ wọn, èmi àti àwọn tó wà ní ọdún kìíní báyìí la ó sì jọ jókòó. Wọn kì í sábà gbà kí èèyàn kọjá yúnítì 24 ní sẹ̀mẹ́sítà kan, n ò sì lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kẹ́místírì tí wọ́n fẹ́ kọ́ yìí, orí ti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé e lé.

ÈMI: Tí o bá wá dúró dé ọdún tuntun, àwọn àbúrò yẹn náà lẹ ṣì máa jọ jókòó.

ÀDÙKẸ́: Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ wọlé á ti lọ sí ọdún kẹta. Wọn ò ní rí mi.

Ó mú obì kan nínú omi, ó wò ó, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kòkòrò ti lu ú.

ÀDÙKẸ́: Ojú ń tì mí, Bàbá. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí mi, ó ní ṣé mo ti lọ sílé ọkọ ni.

ÈMI: Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ta lojú tì nínú àwọn ọmọ yẹn?

ÀDÙKẸ́: Wọ́n pọ̀ tí wọ́n jọ jókòó sílé ni. Èmi nìkan ni tèmi kàn.

ÈMI: Mo gbà. Wo Awólọ́wọ̀ nígbà náà, ará Ìkẹ́nnẹ́ níbí. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ìwé rẹ̀ dojú rú. Ó ti tó ọmọ ọdún 35 kí ó tó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì London ní 1944, ilé níbí ló sì ti kà á. Ọdún yẹn náà ló lọ kọ́ òfin ní London, ó parí ní 1946.

ÀDÙKẸ́: Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tó fi wà ní London?

ÈMI: Ìyàwó rẹ̀ ni, HID.

ÀDÙKẸ́: Ọjà ló ń tà. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn ẹni tó lọ, Bàbá, ẹ wẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó dúró. Ṣé ẹni tó dúró kò ṣe nǹkan kan ni?

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn Awólọ́wọ̀, n kò sì béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

ÈMI: Ohun ńlá ló ṣe. Àmọ́ ìdúró yẹn ní òpin. Ọkọ parí ẹ̀kọ́, ó padà wálé. Tìrẹ, ọjọ́ wo ló máa parí?

ÀDÙKẸ́: Tí ara Ìyá bá ti yá.

ÈMI: Tó bá yá tán, wọn á ní ọjà ti mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbọ́, Àdùkẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, gbogbo wọn ló ń yìn ọ́, wọ́n gbàdúrà fún ọ títí. Nínú gbogbo wọn, ta ló ti wá sùn ti Ìyá lóru ọjọ́ kan? Ìkòròdú ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin wà, kò jìnnà. Ẹ̀ẹ̀melòó ló wá? Ìyìn yẹn ni wọ́n fi ń so ọ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹbí bá ti rí ọmọ kan tó gbà láti rù ú, wọ́n á pè é lọ́mọ dáadáa, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

ÀDÙKẸ́: Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?

ÈMI: Èmi kẹ̀?

ÀDÙKẸ́: Ẹ̀yin lẹ ṣáájú àdúrà yẹn. Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ilé yín kò sì jìnnà síbí. Ẹ máa ń wá kí wa, ẹ máa ń mú búrẹ́dì wá. Tí ẹ bá mọ̀ pé kò yẹ kí n dá a rù, kí ló dé tó jẹ́ òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́?

Kò gbóhùn sókè, kò sì gbójú kúrò lára obì. Kò rí mi fín. Èsì kan ṣoṣo tí mo ní ni pé mo ti kà á sí iṣẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún un.

ÀDÙKẸ́: Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́, Bàbá.

ÈMI: Ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, torí ogun ayé ìgbà náà. Àwọn baba wa rí i pé kò sí ìlú tó lè dá ara rẹ̀ ṣọ́. Mo fi ìtàn yẹn kọ́ àwọn ọmọ níléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mú un wọ ilé àbúrò mi.

ÀDÙKẸ́: Tí mo bá lọ lọ́jọ́ Ajé, ta ló máa wà níbí lọ́jọ́ ọjà?

ÈMI: Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ á máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni màá pè é, kì í ṣe ìwọ.

ÀDÙKẸ́: Tí kò bá wá ńkọ́?

ÈMI: Èmi náà ni.

ÀDÙKẸ́: Mi ò tíì ní mò ń lọ o. Kẹ́místírì yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù, ojú sì ń tì mí síbẹ̀.

ÈMI: Mo gbọ́.

ÀDÙKẸ́: Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó.

Mo mú obì kan, mo bó o, mo wò ó, mo jù ú sínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Ó mú un jáde.

ÀDÙKẸ́: Ẹ máa yí i padà kí ẹ tó jù ú síbẹ̀, Bàbá. Ìsàlẹ̀ ni ihò rẹ̀ wà. Tí ẹ bá kó ẹyọ kan yìí mọ́ àwọn tó kù, kí wọ́n tó gbé agbọ̀n yìí dé Kánò, kòkòrò á ti jẹ wọ́n.

Mo mú òmíràn, mo yí i padà.