Ẹ Má Yọ Orúkọ Rẹ̀ Kúrò

Bíbélì kíkà: Rutu 4:1–17, Matiu 1:1–16

   

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ilé wíwò yìí gan-an ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń béèrè pé, “Màmá, ta ni bàbá bàbá yín? Níbo ni wọ́n ti wá?” Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń fi itọ́ ẹnu wọn ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n lè sọ ibi tí ìran wọn ti ṣẹ̀ fún wọn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wú gbòǹgbò igi, kí ó mọ̀ pé òun lè bá ohun tí òun kò rò pàdé nínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣẹ̀ wá. Láti ọdún 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tó ṣe ìrìbọmi, àwọn tó ṣe ìgbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ìdílé àgbẹ̀ kan, tí kò ní oyè tí kò sì ní owó, fi lè ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn sẹ́yìn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta. Yorkshire, ní apá àríwá ilẹ̀ náà, jẹ́ ilẹ̀ oko àti àgùntàn. John Wesley fi ẹṣin rìn ín léraléra láti wàásù.

Orúkọ ìdílé kan wà ní Yorkshire tí kò wọ́pọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Leicester gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n ń pè ní Y chromosome. Baba ló ń gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọkùnrin náà á sì gbé e fún ọmọkùnrin tirẹ̀. Kì í gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. A lè fi í wé ilà ojú tí kì í ṣe abẹ ló kọ ọ́, tó wà nínú ara níbi tí ojú kò lè rí i. Ọkùnrin 18 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn 7 nínú wọn ní irú èyí tó jẹ́ pé lára ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa ni a ti ń rí i. Bẹ́ẹ̀, òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n lójú, òyìnbó ni bàbá wọn, òyìnbó sì ni bàbá bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n tọ ìran wọn sẹ́yìn nínú ìwé, wọ́n tọ̀ ọ́ dé Yorkshire ní ìgbà bí ọdún 1780 sí 1789, òyìnbó náà ni wọ́n bá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn pátápátá ni bàbá adúláwọ̀ náà wà.

Ó lè jẹ́ ọmọ ogun Róòmù, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣọ́ odi Hadrian ní àríwá ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Ó sì lè jẹ́ ẹrú tí ọkọ̀ òkun gbé débẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, àlejò wọlé, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ di ọmọ ilé, ilé sì gbàgbé pé àlejò ni baba ńlá òun.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kíyè sí ohun kan. Ọ̀nà baba nìkan ni àyẹ̀wò yìí tọ̀. Obìnrin tó gba àlejò náà mọ́ra, tó lóyún, tó rọbí, tó fún ọmọ náà lọ́mú, àyẹ̀wò náà kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìran ṣe máa ń rí nìyẹn. Baba ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì fo ìyá.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Thomas Birch Freeman tó mú Mẹ́tọ́díìsì wá sí ilẹ̀ wa, ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni. Twyford ní Hampshire ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1809. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ológbà ni, ó ń tọ́jú òdòdó àti igi fún olówó kan, kí Ọlọ́run tó rán an níṣẹ́. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù September 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta ní December ọdún náà. Birch tí ẹ rí láàárín orúkọ rẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá. Wọn kò yọ ọ́ kúrò.

Níhìn-ín ńkọ́? Àwọn baba wa kò ní ìwé ìjọ. Oríkì orílẹ̀, ilà ojú àti èèwọ̀ ilé ni ìwé tiwọn, ẹnu àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sì ń kó oríkì sí. Ṣùgbọ́n ogun tó jà nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1800 sí 1900 da ilé pọ̀ mọ́ ilé. Ọmọ Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe àti Bàrùbá ló jọ di Ìlọrin yìí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀, Afala, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 25 kọjá kí ìyá àti ọmọ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ti àwọn yẹn yọrí sí ayọ̀. Àìmọye obìnrin ni wọ́n kó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọn kò padà sílé mọ́. Ilé àjèjì ni wọ́n ti bímọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí.

Ọ̀kan nínú wọn bímọ sí ilé tiwa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú ni a sì fi ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ẹbí pè wá. Wọ́n ní kí a bá wọn kọ ìwé ìran ilé wa, nítorí àwa la mọ ìwé kọ dáadáa. Àgbẹ̀ ni bàbá tó tẹ ilé náà dó. Iṣu àti ọkà ló ń gbìn, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ sì pọ̀. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń yọjú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí ìwé wà. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́rin ni bàbá ní. A béèrè pé, “Bàbá, ìyá tí wọ́n ní ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?” Olórí ẹbí dáhùn pé, “Fi ìyẹn sílẹ̀, Tíṣà. Wọn kò fẹ́ ẹ níyàwó, wọ́n rà á ni.”

Àwa náà mọ̀ pé ìyá náà wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti darúgbó nígbà tí a wà ní kékeré. Láàárọ̀, oríkì Ìkòyí ni màmá àgbà yẹn fi ń jí àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀ ilé wa kì í ṣe Ìkòyí. Ìlú tí ogun tú ká ni Ìkòyí àtijọ́. A gbọ́ oríkì náà títí a fi mọ̀ ọ́n lórí. Síbẹ̀, ìyàwó mẹ́rin ni a kọ. A kò fẹ́ bá àgbà jiyàn. A fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, a fọwọ́ sí i, wọ́n sì yìn wá.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, opó kan wá bá wa nílé ní Basin yìí. Ìran ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó kúnlẹ̀ kí wa, a ní kí ó jókòó, kò jókòó. Ó ní, “Mọ́mì, mo lọ béèrè ilẹ̀ tí bàbá àwọn ọmọ mi ń ro. Wọ́n ní kò sí tiwa níbẹ̀. Ìwé yín ni wọ́n fi hàn mí.” Ó tú bébà kan jáde láti inú báàgì rẹ̀. A mọ ọwọ́ ara wa. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí wa.”

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní a-b-d fún ọdún 33, òun náà ni a fi yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò nínú ilé baba rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ṣí ìwé Rutu. A ti fi kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n lálẹ́ yẹn àwa ni ó ń kọ́. Rutu kì í ṣe ọmọ ilé. Ará Moabu ni, Òfin sì ti sọ nínú Deuteronomi 23 pé ará Moabu kò gbọ́dọ̀ wọ ìjọ Olúwa. Opó ni, ó ń pèéṣẹ́ ọkà báálì lẹ́yìn àwọn olùkórè nínú oko Boasi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà ní orí kẹrin. Ìbátan kan wà tó sún mọ́ Naomi ju Boasi lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ilẹ̀ wà, ó ní òun yóò rà á. Nígbà tó gbọ́ pé Rutu wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó fà sẹ́yìn, ó ní kí òun má ba ogún òun jẹ́.

Ẹ wá orúkọ ọkùnrin yẹn. Ẹ kò ní rí i. Ńṣe ni wọ́n pè é bí ìgbà tí a bá ń pe ènìyàn ní lámọrín. Ẹni tó ń ṣọ́ ogún rẹ̀ kí àlejò má bàa wọ inú rẹ̀, òun gan-an ni orúkọ rẹ̀ sọnù. Àlejò tó sá fún, orúkọ tirẹ̀ wà níwájú Májẹ̀mú Tuntun. Rutu bí Obedi, Obedi bí Jesse, Jesse bí Dafidi, nínú ìran Dafidi ni a sì ti bí Olúwa wa. Matiu ìbá ti fò ó, nítorí baba ni ó ń kà. Kò fò ó. Ó kọ Tamari, ó kọ Rahabu, ó kọ Rutu, ó mẹ́nu kan aya Uria, ó sì parí rẹ̀ sí Maria.

Nígbà tó di òwúrọ̀, a tún ìwé náà kọ. A kò rí orúkọ tí àwọn òbí ìyá náà sọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé wa ni a kọ, a sì kọ “ọmọ Ìkòyí” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti gbogbo ọmọ tó bí. A kà á létí gbogbo ẹbí nígbà ìpàdé. A jẹ́wọ́ pé àwa ni a ṣe ti àkọ́kọ́, pé irọ́ ni. Inú kò dùn. Olórí ẹbí kò bá wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọmọ opó náà ti padà sí ibi tí bàbá rẹ̀ ń ro, ó gbin iṣu síbẹ̀. Ti ilẹ̀ yòókù kò tíì parí. A ṣì ń bá a lọ pẹ̀lú àdúrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin wa, kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn ìyá wa. Kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan. Kọ orúkọ ìyá rẹ, ìyá ìyá rẹ, ìyá bàbá rẹ, oríkì wọn, orílẹ̀ wọn àti ìlú tí wọ́n ti wá. Lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè lóṣù yìí. Bí wọ́n bá lọ, ìwé náà ti lọ nìyẹn.

2. Ẹ jẹ́ kí a má fi ìran bú ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà ìjà, nígbà ìgbéyàwó, nígbà pínpín ogún, ẹ má jẹ́ kí “ọmọ ẹrú” jáde lẹ́nu obìnrin Mẹ́tọ́díìsì. Ẹ rántí ìdílé Yorkshire yẹn: kò sí ẹni tó mọ àlejò tó wà ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò tirẹ̀. Paulu kìlọ̀ fún Timoteu àti Titu nípa ìtàn ìran tí kò lópin, tó ń dá ìjà sílẹ̀. Kò ní kí a má mọ ilé wa. Kí a má fi ṣe ìgbéraga ni.

3. Bí a bá ti kọ ohun tí kò tọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un kọ. Kò pẹ́ jù. Efesu 2:19 sọ fún wa pé a kì í ṣe àlejò mọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹni tí Ọlọ́run gbà wọlé, ta ni wá tí a ó yọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba wa, ìwọ tó mọ orúkọ tí ìyá wa gbàgbé, dárí jì wá níbi tí a ti fo ọmọ rẹ. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ níwájú àwọn àgbà wa, kí o sì fún wọn ní etí láti gbọ́. Ràn àwọn opó àti ọmọ wọn lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ baba wọn. Lọ́jọ́ tí a ó ka ìwé ìyè, jẹ́ kí a bá ara wa níbẹ̀, gbogbo wa, láìku ẹnì kan. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.