Ta Ló Dalẹ̀?

Ọ̀nà jìn láti Monrovia dé ilẹ̀ àwọn Loma ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Liberia. Eérú, èédú, egungun, pàǹtí ilé ìdáná àti ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dà á sí láti ìran dé ìran. Ilẹ̀ pupa tó ti ṣá wá di dúdú, ó lọ́ràá. Lọ́dún 2016, Dawit Solomon, James Fairhead, Melissa Leach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ pàǹtí náà di oúnjẹ fún irè oko. Inú ihò wínníwínní ara èédú ni àwọn kan nínú wọn ń gbé.

Ǹjẹ́ èèyàn lè jẹ ohun tí kò fojú rí ní gbèsè?

Ẹlòmíì á ní Ádámù ni Ọlọ́run fi sínú ọgbà, kì í ṣe kòkòrò. Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ ológbà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Póòpù Francis gan-an ka kòkòrò àìfojúrí mọ́ ohun tí ayé kò lè ṣe aláìní nínú Laudato Si', ìwé tó kọ lọ́dún 2015. Nílẹ̀ Yorùbá, Ògbóni ń fi Ilẹ̀ mulẹ̀, torí pé ó ń rí ohun tí wọ́n ṣe níkọ̀kọ̀. A mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù ojú ilẹ̀. Bóyá ilẹ̀ jẹun, àwọn ìyá Loma ló rántí béèrè, wọn ò sì fi ẹnu lásán béèrè.

Ooru ayé wá fẹ́ da májẹ̀mú àárín èèyàn àti ilẹ̀ yìí rú. Ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, Andrew Nottingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná mú ilẹ̀ igbó gbóná sí i ní ìwọ̀n 4°C fún ọdún méjì. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde níbẹ̀ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Kòkòrò kò dẹ́ṣẹ̀ kankan: ooru mú wọn jẹun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì ń mí.

Ní Monrovia, inú ẹrẹ̀ àbàtà Mesurado ni ọ̀rọ̀ kòkòrò àti kábọ́ọ̀nù yìí wà. Ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ gbòǹgbò igi mangrove tó kú, kábọ́ọ̀nù á sì sùn síbẹ̀ pẹ́. (Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tó ń ti ibẹ̀ wá, iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò náà ni.) Àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà, ti ń dáàbò bo ibẹ̀ láti ọdún 2006, síbẹ̀ wọ́n ń gé igi rẹ̀ láti fi dáná, wọ́n ń da erùpẹ̀ dí i láti kọ́lé. Ẹ̀bi ooru ayé, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tó ń jó epo rọ̀bì àti èédú inú ilẹ̀ ló ni ín. Ìwọ̀nba ni ti Liberia. Ṣùgbọ́n ọmọ Monrovia ló mú àáké dání ní Mesurado, àìní ló sì ń gbé púpọ̀ nínú wọn débẹ̀. Àwọn tó ń ní kí wọ́n ṣíwọ́ kò tíì sọ ohun tí wọn yóò fi dáná oúnjẹ alẹ́.