Àmúwá Ọlọ́run Ni, Tàbí Àfọwọ́fà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó rọrùn lẹ́nu gbogbo wa. Bí ilé bá jó, a ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí ọkọ̀ bá dànù, àmúwá Ọlọ́run náà ni. Èmi pàápàá ti sọ ọ́ rí, mo sì fi bo ìtìjú ara mi mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Òkìtìpupa. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi mí ṣe olùtọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn ìyá tó ń ta gààrí àti púpurú ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo owó tí wọ́n dá, gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ, inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní server ló wà. Ṣé mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀? Mo ṣe é o. Ṣùgbọ́n orí server yẹn gan-an ni mo gbé díìsìkì tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀ lé, wáyà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ìyá, tí a fi ṣe bàbá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná jẹnẹrétọ̀ ru sókè lójijì. Ó jó server, ó jó ẹ̀dà pẹ̀lú.

Ní ìpàdé, alága ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ń mi orí bí alángbá. Ni ìyá àgbàlagbà kan bá dìde.

Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ wa, ṣé Ọlọ́run ló ń gbà á ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá."

Ó ní, "Bí mo bá to púpurú sórí àjà kí ó gbẹ, mo mọ̀ pé iná lè mú àjà. Nítorí náà, bó bá ti gbẹ, mo máa ń pín in. Díẹ̀ á wà nínú yàrá mi, díẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Igbótako. Ta ló kọ́ mi? Ebi ló kọ́ mi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí ìyá yìí ń ṣe ni òfin iṣẹ́ wa gan-an: kí àkọsílẹ̀ wà ní ọ̀nà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn tó jìnnà. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àìmọ̀ kọ́ ló ṣe mí, "tó bá di ọ̀la" ló ṣe mí.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, iná sọ láti ara bátìrì ní ilé kọ̀ǹpútà ìjọba Gúúsù Kòríà ní ìlú Daejeon. Iṣẹ́ ìjọba orí kọ̀ǹpútà tó ju 600 lọ dá dúró. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé wọn sí, tí wọ́n ń pè ní G-Drive, jóná pẹ̀lú àkọsílẹ̀ terabyte 858, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Wọ́n ní ó ti tóbi jù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná! Ẹrù tí kò pọ̀ jù láti gbà, báwo ló ṣe wá pọ̀ jù láti ṣọ́?

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní tèmi, iná lè jẹ́ àmúwá. Ṣùgbọ́n pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iná, àfọwọ́fà ni.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹgbẹ́ kékeré ò lówó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni a lè fara mọ́ kó ṣòfò? Ọjọ́ mélòó ni a lè fi ti ilẹ̀kùn kí a tó padà bọ̀ sípò? Àwọn tó ni owó ló yẹ kó dáhùn. Èmi dá a dáhùn fún wọn láìbi wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, nítorí ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹlòmíràn á ní bí ẹ̀dà bá ti pọ̀, olè á rí ọ̀nà púpọ̀ wọlé. Òun náà ò purọ́. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ní kí ẹni tó bá gba àkọsílẹ̀ ènìyàn ṣọ́ ọ kí olè má jí i, kó má sì ṣègbé. Nítorí náà, ẹ̀dà tó bá jáde nílé gbọ́dọ̀ ní àgádágodo.

Ẹ̀dà tí a kò sì dán wò kì í ṣe ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ orí server rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ní. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n. Wọn ò pè é ní àmúwá. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà.

Èmi náà padà sí ìpàdé, mo jẹ́wọ́. Àwọn tó ní káàdì mú un wá. Àwọn tí káàdì wọn ti sọnù, ẹ̀rí ẹnu ẹlẹgbẹ́ wọn la fi ṣírò. Mo yọ nínú owó ọ̀yà mi fi dí ohun tó kù. Síbẹ̀, títí dòní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ̀dà kan wà ní Òde-Ìrèlè báyìí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn níṣojú ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó bá wù wọ́n, mo sì gbọ́dọ̀ rí owó onítọ̀hún kí a tó tú ká. Ìyá yẹn kì í pa á jẹ. Orúkọ ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù ló sì máa ń kọ́kọ́ dá.